Ewúro pa jẹjẹrẹ nínú àwo: báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?

Láti Kàbbà dé Ìsánlú, títí lọ dé Ẹ̀gbẹ̀, ó ṣòro kéèyàn wọ àgbàlá ilé kan kó má rí igi ewúro. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń yára ràn nílẹ̀ Okun: "Àwọn oníwàádìí ti fi ewúro pa jẹjẹrẹ." Òótọ́ ni, wọ́n pa á. Àmọ́ inú àwo ike ni wọ́n ti pa á, àlàfo tó wà láàárín àwo yẹn àti ara èèyàn sì jìn gan-an.

Sísá ewé, gígún un, rírẹ ẹ́ sínú omi tàbí ọtí líle, sísẹ́ ẹ àti gbígbẹ ẹ́ títí yóò fi ku nǹkan dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, èyí tí à ń pè ní oje ewé níbí, ìyẹn ò le. Àwo ni ká wò.

Àwo náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ihò kéékèèké 96 ló sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n á fi sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bí 5,000 sí 10,000 sínú ihò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú omi tí wọ́n á máa jẹ, wọ́n á gbé e sínú àpótí tó móoru bí ara èèyàn, ìwọ̀n 37. Lọ́jọ́ kejì, tí sẹ́ẹ̀lì bá ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ihò, wọ́n á kán oje ewé sí i. Ihò àkọ́kọ́ á gba èyí tó le jù, ìkejì á gba ìdajì ìyẹn, ìkẹta á gba ìdajì ti ìkejì, títí dé ihò tí wọn ò kán nǹkan kan sí. Ọjọ́ 2 tàbí 3 ni wọ́n á fi sílẹ̀.

Ibi tó dùn jù nìyí: báwo ni wọ́n ṣe ń mọ èyí tó kú? Wọ́n á fi èròjà kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè, MTT, sí gbogbo ihò. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè á sọ ọ́ di elésè àlùkò láàárín wákàtí 3 sí 4. Òkú sẹ́ẹ̀lì ò lè ṣe é. Ẹ̀rọ á wá fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí àwọ̀ ṣe ki tó. Ẹni tó bá ti jókòó ti aláró rí ní Ògìdì tàbí ní Bùnú á tètè lóye èyí. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìkòkò aró jáde kì í tíì dúdú. Ó máa ń ní àwọ̀ ìyeyè tó dà pọ̀ mọ́ ti ewé, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró níṣojú ẹni. Kì í ṣe kíkùn ni wọ́n kun ún, nǹkan kan ló yí padà nínú rẹ̀. Atẹ́gùn ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ègé tín-ín-rín inú átọ́ọ̀mù, kúrò lára aró; ìyípadà ti MTT gba òdìkejì ọ̀nà, ṣe ló ń gbà á, torí náà ohunkóhun tó bá lè fún un á sọ ihò náà di elésè àlùkò, ì báà ṣe sẹ́ẹ̀lì, ì báà má ṣe sẹ́ẹ̀lì.

Oje ewé pàápàá lè ṣe é. Ó lè pa sẹ́ẹ̀lì tán kó tún fúnra rẹ̀ sọ MTT di elésè àlùkò, ẹ̀rọ á sì kà á pé wọ́n wà láàyè. Ihò etí àwo tún máa ń gbẹ ju ti àárín lọ, oje inú rẹ̀ á ki, á sì dà bíi pé ewé náà lágbára. Sẹ́ẹ̀lì tó kàn dáwọ́ pípọ̀ sí i dúró, tí kò kú rárá, á jọ òkú lójú ẹ̀rọ. Ìwádìí tí kò bá ní ihò tó jẹ́ oje àti MTT nìkan, láìsí sẹ́ẹ̀lì, kò tó gbára lé.

Ká wá gbà pé wọ́n ṣe é dáadáa. Ọṣẹ ìfọṣọ náà á pa sẹ́ẹ̀lì inú àwo. Ògógóró á pa á. Ìbéèrè tó kù ni pé: mélòó ló gbà? Tí oje bá ní láti tó máíkírógíráàmù 500 nínú mílílítà kan kó tó pa ìdajì sẹ́ẹ̀lì inú ihò, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Omi ara àgbàlagbà tó wọn kílò 70 tó bíi lítà 42. Gíráàmù 21 oje gbígbẹ nìyẹn. Bí gíráàmù 100 ewé gbígbẹ bá ń mú gíráàmù 10 oje wá, gíráàmù 210 ewé gbígbẹ la nílò, ìyẹn á sì ju kílò kan ewé tútù lọ. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ̀dọ̀ má sì fọwọ́ kan án.

Ẹ̀dọ̀ ò sì ní ṣàìfọwọ́ kan án. Vernodalin wà lára ohun tó ń pa sẹ́ẹ̀lì nínú ewúro, òun náà wà lára ohun tó mú un korò, èyí tí à ń fọ̀ dànù ká tó fi se ọbẹ̀. Ọ̀nà tó fi ń pa sẹ́ẹ̀lì ni pé ó máa ń dì mọ́ ibi tí imí-ọjọ́ wà lára purotéènì. Irú ibẹ̀ sì pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáká, bẹ́ẹ̀ ni glutathione, èròjà tí ara fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ májèlé, tó kún inú ẹ̀dọ̀ máa ń gbá a mú kó tó dé ibi kókó.

Ẹ wá wo òdòdó eléwé márùn-ún, aláwọ̀ osùn tàbí funfun, tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé, Catharanthus roseus. Inú rẹ̀ ni vincristine ti jáde, tí àwọn dókítà ti ń lò láti 1963. Tọ́ọ̀nù kan ewé rẹ̀ tó gbẹ kì í mú ju gíráàmù díẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó fi ń pa sẹ́ẹ̀lì kéré débi pé mílígíráàmù 2 ni èyí tó pọ̀ jù tí àgbàlagbà sábà máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ pín sí méjì máa ń ta okùn tín-ín-rín láti fi fa kúrómósómù rẹ̀, ohun tó ru àbùdá, ya. Ègé kéékèèké tó ń jẹ́ tubulin ni wọ́n fi ń to okùn náà, vincristine á sì dì mọ́ ègé wọ̀nyí kí wọ́n má lè so pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì á há sójú ọ̀nà, kò ní lè pín, kò ní lè padà, á wá pa ara rẹ̀. Èyí tí kò sí lẹ́nu pípín á bọ́. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Àbùkù rẹ̀ wà nínú okùn kan náà. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ń fi irú okùn yẹn kó ẹrù láti ọ̀pá ẹ̀yìn dé orí ìka, ìdí nìyẹn tí ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ náà fi ń kú tipiri, tí wọn kì í sì í fẹ́ kọjá mílígíráàmù 2. Ẹ̀dọ̀ ló sì ń fọ́ vincristine dànù. Àgbo tó bá dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ lè mú kí mílígíráàmù 2 yẹn pẹ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ, kó sì ṣiṣẹ́ bí ìwọ̀n tó pọ̀ jù, nítorí náà ó yẹ kí dókítà mọ orúkọ gbogbo ewé tó wà nínú ìkòkò àgbo náà kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́.