Ṣé kí ọmọ dákẹ́ nídìí oúnjẹ alẹ́ ni, àbí kí ó sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè: Ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n tọ́ wa pé ọmọ kì í sọ̀rọ̀ bí ó bá ń jẹun. Nísinsìnyí, a ń gbọ́ pé ọ̀rọ̀ tí ìdílé ń bá ara wọn sọ nídìí oúnjẹ alẹ́ ń ṣe ọmọ lóore. Èwo ni ká mú?

Ìdáhùn: Ìkìlọ̀ àwọn àgbà nídìí, nítorí pé òkèlè lè pá ọmọ lórí, àti pé ọmọ tó bá ń rojọ́ nídìí àwo tí ọmọ márùn-ún jọ ń tọwọ́ bọ̀ yóò febi sùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fọwọ́ tán, àlọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Catherine Snow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard, tí wọ́n gba ohùn àwọn ìdílé sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, rí i pé ọmọdé ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò wọ́pọ̀ níbẹ̀ ju ìgbà tí wọ́n bá ń kàwé ìtàn fún un lọ.

Mo rí irú rẹ̀ nílé wa. Bàbá àwọn ọmọ ń sọ pé ọ̀dá ló mú kí àgbàdo wọ́n, ni ọmọ wa ọlọ́dún méje bá gbé òkèlè dúró lọ́wọ́, ó ní, “Bàbá, kí ni ẹ̀ ń pè ní ọ̀dá?” Ó mọ̀ ọ́n ní Faransé, tí wọ́n fi ń kọ́ wọn níléèwé, kò tíì gbọ́ ọ ní Yorùbá rí.

Ìbéèrè: Ṣé ti èdè nìkan ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ní nǹkan bíi 2001, Marshall Duke àti Robyn Fivush ti Yunifásítì Emory, ní Amẹ́ríkà, bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè 20 nípa ìtàn ìdílé wọn, irú bí ibi tí àwọn òbí wọn ti pàdé. Àwọn tó mọ ìtàn náà dáadáa ni ọkàn wọn balẹ̀ jù, tí wọn kì í fojú tẹ́ńbẹ́lú ara wọn. Ní tiwa, àwo kan náà ni ọmọ ti ń kọ́ sùúrù, torí kì í mú ẹran ṣáájú àgbà. Àgbà náà sì mọ̀ pé ẹni tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ìbéèrè: Ìyá tó ń tajà alẹ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Kó má ba ara rẹ̀ lọ́kàn jẹ́. Ní 2012, Kelly Musick àti Ann Meier, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé apá kan nínú èrè jíjẹun alẹ́ pọ̀ yìí jẹ́ ti owó àti ìrẹ́pọ̀ tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá pẹ́ lọ́jà, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni a máa ń jókòó ti ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà, kí àwọn ọmọ tó gba iléèwé lọ.