"Sístà, kí lẹ rí nípa mi?"

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn bí ẹni tuntun bá jókòó sórí àga kejì ní pálọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Á ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á ti kúnlẹ̀ kí mi bí mo tiẹ̀ ní kó má kúnlẹ̀, á wá tẹjú mọ́ mi bíi pé nǹkan fẹ́ yọ níwájú orí mi. Mo máa ń dáhùn pé mi ò rí nǹkan kan, èmi kì í ríran. Àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe mí. Ẹnìkan tilẹ̀ dìde, ó dúpẹ́, ó ní òun á padà wá lọ́jọ́ tí Ẹ̀mí bá bà lé mi.

Mi ò bá wọn wí. Láti Ṣàgámù títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni tí nǹkan bá sú, ẹni tó máa rí i fún un ló ń wá lọ, ì báà jẹ́ wòlíì, ì báà jẹ́ ààfáà. Ìtọ́sọ́nà ẹ̀mí tí àwa ọmọ Ìjọ Àgùdà ń sọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ etí ni. Ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀, èmi á gbọ́, a ó jọ máa wò ó bóyá ohùn Ọlọ́run wà nínú ohun tí ẹ ń sọ, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà ó wà níbẹ̀ tí ẹni tó ń sọ ọ́ kò fura.

Ohun tó mú mi kọ èyí ni ìwé kan tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp láti ìgbà Lẹ́ńtì. *Introduction to the Devout Life* ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni Mímọ́ Francis de Sales ló kọ ọ́. Wọ́n á gbà á sórí fóònù, wọ́n á ka ojú ewé 30, wọ́n á tọ̀ mí wá pé, "Sístà, ìwé yìí le." Ó le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n apá kan nínú bó ṣe le yẹn wá láti inú pé lẹ́tà ẹlòmíràn ni wọ́n ń kà, wọn ò sì mọ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Savoy, tó wà ní Faransé lónìí, ni Francis, ọdún 1567 ni wọ́n bí i. Ó di Bíṣọ́ọ̀bù Geneva ní 1602, àmọ́ kò lè gbé inú Geneva, nítorí ọwọ́ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ọmọlẹ́yìn Calvin ni ìlú náà wà, ìlú Annecy ló fi ṣe ibùjókòó. Ìyàwó ìbátan rẹ̀ kan wà, Madame de Charmoisy, obìnrin abilékọ tó ní ilé àti àlejò láti tọ́jú, tó sì ń fẹ́ sún mọ́ Ọlọ́run. Bíṣọ́ọ̀bù ń kọ ìmọ̀ràn ránṣẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Obìnrin náà fi àwọn ìwé yẹn han àlùfáà Jésúítì kan, ẹni yẹn ló tẹnu mọ́ ọn pé kí Bíṣọ́ọ̀bù tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ayé kà. Àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ jáde ní 1609. Èyí tó tún ṣe kẹ́yìn kó tó kú jáde ní 1619. Ó yí orúkọ obìnrin náà padà sí Philothea, ìyẹn ẹni tó fẹ́ràn Ọlọ́run, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kà á lè fi ara rẹ̀ sípò rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: wọ́n kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ fún èèyàn kan tó ń padà wá bèèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá wá gbé e mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìsí ẹni tí ẹ ń bá sọ ọ́, ẹ ti lo oògùn tí dókítà kọ fún aládùúgbò yín.

Francis fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìwé. Ó ní ìfọkànsìn ọlọ́lá, ti oníṣẹ́ ọwọ́, ti ìránṣẹ́, ti opó àti ti abilékọ kò lè jẹ́ bákan náà. Ó bèèrè pé bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá fi ojoojúmọ́ gbé inú ṣọ́ọ̀ṣì bí ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn, ṣé kò ní di ohun ẹ̀rín? Mo máa ń rántí ìbéèrè yẹn bí mo bá rí ìyá tó ní ìsọ̀ ní Òkè-Ajé, tó ń ti vígílì kan bọ́ sí òmíràn láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tí ọmọ rẹ̀ ń sùn lọ́dọ̀ ará ilé. Kò sí ẹni tó máa sọ fún un nínú ẹgbẹ́ àdúrà pé ó ti pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó ní ẹnìkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá kan tó ń yan gààrí lábúlé kan lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kàwé ní Ago-Ìwòyè ló ń ka ìwé náà, tó ń tú u fún un nírọ̀lẹ́. Wọ́n dé ibi tí Bíṣọ́ọ̀bù ti ní kí Philothea máa fi wákàtí kan ṣe àṣàrò lójoojúmọ́ kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé. Màmá gun ọ̀kadà wá bá mi. "Sístà, wákàtí kan? Gààrí á jóná." Ó ti gbà pé òun ò yẹ lẹ́ni tó lè sún mọ́ Ọlọ́run tó bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ dá ìwé náà dúró.

Mi ò fún un lésì. Mo ní kó jẹ́ kí n wá wo ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn àpò ẹ̀gẹ́ lílọ̀ wà lábẹ́ jáàkì, omi kíkan ń ro tóótóó sílẹ̀. Ó ti di ọjọ́ kẹrin, Màmá ní òun ò ní tú u títí di ọ̀la, pé ẹni tó bá kánjú yan án kò jẹ gààrí Ìjẹ̀bú. Lẹ́yìn náà ló bù lára ti àná tó ti jọ̀ sínú agbada, ó mú igbá pẹlẹbẹ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi yí i. Èéfín ń ta mí lójú. Mo wá ṣàkíyèsí pé gbogbo ìgbà tó bá bu tuntun sínú agbada, ètè rẹ̀ á mì. Bó bá kó èyí tó gbẹ jáde, ètè rẹ̀ á tún mì. Mo bi í pé kí ló ń wí. Ojú tì í. Ó ní, "Bí mo bá ń bù ú, mo máa ń ní, 'Jésù, tìrẹ ni mí.' Bí mo bá ń kó o, mo máa ń ní, 'O ṣé.' Ìyá mi ló fi kọ́ mi, kí ọwọ́ má baà sú mi."

Mo ní kí ọmọ rẹ̀ ṣí apá kejì, orí kẹtàlá. Ibẹ̀ ni Francis ti ń sọ̀rọ̀ nípa àdúrà kúkúrú tí èèyàn máa ń jù sókè lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní irú àdúrà yìí lè dí àlàfo gbogbo àdúrà yòókù tí èèyàn kò ráyè gbà, àmọ́ pé bí àdúrà kúkúrú yìí fúnra rẹ̀ bá kù, agbára káká ni nǹkan mìíràn lè fi dí i. Ọmọ náà tú u fún ìyá rẹ̀. Màmá dáwọ́ igbá dúró. "Ta ló sọ fún Bíṣọ́ọ̀bù yẹn?"

Lọ́jọ́ náà, èmi ò kọ́ ọ ní ohunkóhun. Ó ti ní in lọ́wọ́ fún bí ogójì ọdún. Ohun tó ṣàìní ni ẹni tó máa jókòó ti iná tó máa bi í pé kí ló ń wí.

Àwọn ibì kan wà nínú ìwé náà tí ẹ ó ti rẹ́rìn-ín. Lórí aṣọ, Francis ní òun fẹ́ kí àwọn olùfọkànsìn òun, lọ́kùnrin lóbìnrin, jẹ́ ẹni tó múra dáadáa jù láwùjọ, kí wọ́n sì jẹ́ ẹni tí fáàrí rẹ̀ kéré jù. Ẹ gbé ìyẹn lọ sí Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, níbi tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti máa ń yan láti bọlá fún Awùjalẹ̀, kí ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe ìlàjì kejì! Ìlàjì àkọ́kọ́, a ti gbọ́ kó tó sọ. Lórí ijó, ó ní bí olú ni ijó rí, pé àwọn oníṣègùn sọ pé èyí tó dára jù nínú olú kò ní láárí. Bí èèyàn bá sì máa jẹ ẹ́, kó sè é dáadáa, kó jẹ díẹ̀. Níbí, èmi àti Bíṣọ́ọ̀bù kò bára mu tán. Kò tọ́ ọbẹ̀ olú ìyá mi wò. Ijó òru láàfin àwọn ọlọ́lá ló ń wò, níbi tí ojú ti ń wá ojú. Kì í ṣe ijó tí a jó lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọmọ wa joyè àlùfáà. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹ lè bá ẹni mímọ́ jiyàn, kí ìwé rẹ̀ sì ṣì wúlò fún yín.

Ibì kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ dá nìkan kọjá. Nínú apá kìíní, àṣàrò mẹ́wàá ló tò síbẹ̀, ikú, ìdájọ́ àti ọ̀run àpáàdì wà nínú wọn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, á jí i lójú oorun. Ẹni tí ẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀ ti ń dà láàmú, tó ń jẹ́wọ́ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí kò gbà pé Ọlọ́run ti dárí jì í, àṣàrò yẹn lè fọ́ ọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, apá kẹta, orí kẹsàn-án ni mo máa ń fún un kà. Níbẹ̀, Francis ní kí á má fi ìbínú bá ọkàn wa wí bí a bá ṣubú; kí á bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, ó mà ṣe o, a ti jìn sínú kòtò tí a ní a kò ní jìn sí, jẹ́ ká dìde. Bí oorun bá sì ti dá lójú ẹni náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí kò jẹun, tó ń sọ pé ó sàn kí òun kú, mo máa ń pe ilé rẹ̀, a ó sì gba ilé ìwòsàn lọ. Arò ní Abẹ́òkúta kò jìnnà. Àdúrà á máa bá a lọ lẹ́yìn dókítà.

Ta wá lẹ máa tọ̀ lọ? Francis ní ìfẹ́, ìmọ̀ àti làákàyè ni kí ẹ wò lára olùtọ́sọ́nà, pé bí ọ̀kan bá kù, ewu wà. John of Avila, àlùfáà mímọ́ kan ní Sípéènì, ti sọ ṣáájú rẹ̀ pé kí á yan ẹni kan nínú 1,000. Francis ní nínú 10,000. Ó tún ní bí a bá rí i tán, kí á máa wò ó bí áńgẹ́lì. Ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì yìí ni àwọn èèyàn máa ń dì mú, wọ́n á gbàgbé 10,000.

Èmi náà gbàgbé. Nígbà tí mo ṣì kéré nínú ayé sístà, mo tú inú mi fún ẹnìkan ní Ọjọ́rú. Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó lè bá ẹnikẹ́ni sọ ohun tó wà nínú mi. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ́kọ́ wá, ẹ má tú gbogbo ẹrù. Ẹ sọ ohun kékeré kan, kí ẹ wò ó bóyá yóò padà dé etí yín láti ibòmíràn.

Ẹni tó bá ń gba owó, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. (Wọ́n máa ń gbé ewùrà wá fún wa, a sì ń fi ṣe ìkọ́kọrẹ́ fún gbogbo ilé, ìyẹn yàtọ̀.) Ẹni tó ní kí ẹ má sọ fún ọkọ tàbí aya yín pé ẹ ń rí òun, ẹni tó ń fẹ́ kí ẹ wá lóru, ẹni tó ní Ọlọ́run ti fi ẹni tí ẹ máa fẹ́ han òun, ẹni tó ń bínú bí ẹ bá lọ bá ẹlòmíràn: ẹ dágbére fún un. Òfin Ìjọ ti 1983 fún gbogbo ọmọ Ìjọ lómìnira láti jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ àlùfáà tó bá wù ú; nọ́ńbà 991 ni. Bí ìjẹ́wọ́ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè fi okùn ìtọ́sọ́nà so yín mọ́lẹ̀.

Ẹ má sì da méjèèjì pọ̀. Àlùfáà nìkan ló ń gbọ́ ìjẹ́wọ́, ohun tí ó bá gbọ́ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹnu rẹ̀ jáde láé. Èmi kò lè dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì yín. Bí ẹ bá ń bá mi sọ̀rọ̀ tí ó kan ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, màá ní kí ẹ lọ bá Fadá. Ìtọ́sọ́nà ní tirẹ̀, sístà lè ṣe é, ọmọ Ìjọ lásán tí wọ́n ti kọ́ lè ṣe é. Katikísìmù, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Ìjọ, ní nọ́ńbà 2690, sọ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ń fi ẹ̀bùn ọgbọ́n, ìgbàgbọ́ àti ìfòyemọ̀ fún àwọn kan nínú àwọn onígbàgbọ́ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Fadá ìjọ yín, tàbí lọ́wọ́ àwọn sístà tó bá wà nítòsí. Dáyósíìsì Ìjẹ̀bú-Òde, tó ti wà láti 1969, gbogbo Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ló kó mọ́ra, nítorí náà ẹni tó wà ní Ìpẹru tàbí Ìkẹ́nnẹ́ kò ní láti wá dé Kàtídírà St. Sebastian kó tó rí èèyàn.

Lọ́dọ̀ mi, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni, wákàtí kan ó dín díẹ̀. Ilẹ̀kùn pálọ̀ máa ń ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ẹ pa fóònù. Tí ẹ bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mi ò ní fipá mú yín sọ̀rọ̀. Mi ò ń ṣe é lórí WhatsApp, ẹ jọ̀ọ́, nítorí mi ò lè gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ níbẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ tíì ka ìwé náà tán. Ẹ kàn mú orí kan wá, èyí tó bí yín nínú jù lọ.