Bí ojú kroṣé ṣe ń di orí téèdì: àlàyé fífi kún àti dídín

Àwọn tó ń hun kroṣé l'Abẹ́òkúta pọ̀ o, fìlà, búláòsì, bàtà ọmọ jòjòló, kò sí èyí tí wọn ò lè hun, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n hun téèdì, ẹlòmíì á ní òun ò ní mọ́ọ̀dù tóun máa fi gbé orí ẹ̀ jáde. Kò sí mọ́ọ̀dù kankan ńbẹ̀, kíkà ni.

Bèbí kroṣé táwọn ará Japan ń pè ní amigurumi yìí, oríṣi ojú (stitch) kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkè délẹ̀, single crochet (pátánì tó bá ti Britain wá, double crochet ni wọ́n ń pè é, ẹ ṣọ́ra). Iye ojú tó wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ kó yọkùn, kó yọrùn.

Ẹ fi wúùlù ká ìka, ìyẹn magic ring, ẹ hun ojú 6 sínú ẹ̀, ẹ fa ìdí wúùlù kí àárín ẹ̀ pa dé. Ìlà kejì, ẹ hun méjì-méjì sínú ojú kọ̀ọ̀kan, fífi kún nìyẹn, ó di 12. Ìkẹta, ọ̀kan lásán, èyí tó tẹ̀ lé e ẹ fi kún, ó di 18, lẹ́yìn ẹ̀ 24, 30, 36. Tí 6 bá ṣì ń lé sí i báyẹn, pẹrẹsẹ ló máa tẹ́. Ìgbà tẹ́ ẹ bá dáwọ́ fífi kún dúró tẹ́ ẹ kàn ń hun 36 yípo ni etí ẹ̀ máa dìde, á wá rí bí abọ́. Tẹ́ ẹ bá ti hun bí ìlà 6 bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín in, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ sọ ojú méjì di ọ̀kan, 30, 24, 18. Imú tó ṣóńṣó ńkọ́? Ẹ má fi 6 kún, 2 tàbí 3 ní ìlà kọ̀ọ̀kan ti tó. Ẹ má sì fi kún sórí ibì kan náà ní gbogbo ìlà, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ orí onígun mẹ́fà.

Dídín gan-an ló ń fi ẹni tó mọṣẹ́ hàn. Ti àtijọ́, ẹ fa wúùlù jáde nínú ojú méjì, okùn mẹ́ta á wà lórí píìnì kroṣé, ẹ fa wúùlù gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Kò burú, àmọ́ ó máa ń wú síta, ó sì ń fi ihò sílẹ̀. Invisible decrease lèmi fara mọ́: orí ojú kọ̀ọ̀kan ní okùn méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ ki píìnì sábẹ́ okùn iwájú ti àkọ́kọ́, ẹ má tíì fa wúùlù o, ẹ tún kì í sábẹ́ okùn iwájú ti ìkejì, ẹ wá fa wúùlù gba méjèèjì, ó ku okùn méjì lórí píìnì, ẹ fà á kọjá, ó parí. Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ ti dín títí, ẹ ò ní rí i.

Yípo lẹ ó máa hun, ìlà kì í pàdé, torí náà ẹ fi wúùlù àwọ̀ míì sàmì sí ojú àkọ́kọ́. Tóníwúùlù ní Kútọ̀ bá ní píìnì 4 mm ló bá wúùlù yẹn mu, 3 mm ni kẹ́ ẹ mú, kí fáíbà tẹ́ ẹ máa ki sínú ẹ̀ kó lè wú má baà yọjú. Tó bá ku ojú 18 ni kẹ́ ẹ ki fáíbà sínú ẹ̀, torí tó bá di 6, ìka ò wọlé mọ́.