Lọ́kọ́já ni gáàdì oníwèé-àṣẹ ti ṣẹ̀ wá

Bí ẹ bá bi ará Èkó léèrè ibi tí iṣẹ́ gáàdì ti bẹ̀rẹ̀, yóò ní ọ̀dọ̀ mẹ́gàádì ni. Hausa ló ni ọ̀rọ̀ yẹn: “mai” ni oní, “gadi” sì ni gáàdì tí àwọn náà yá lọ́wọ́ òyìnbó. Orúkọ àyálò wo ló lè bí iṣẹ́? Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Yàgbà, Ìjùmú, Owé àti Bùnú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ogun Nupe lé àwọn baba wa gun orí òkè ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọdẹ là ń pe ẹni tó ń pẹran nígbó, ọdẹ náà la tún ń pe ẹni tó ń ṣọ́ ìlú lóru. Mo gbà pé orí àpáta wọ̀nyẹn ni orúkọ méjèèjì ti pàdé. Ta ni wọn ìbá tún rán síbẹ̀, bí kò ṣe ẹni tó mọ ìró ewé? Ó sì dá mi lójú pé wọn ò ní jẹ́ kó mu ẹmu kó tó gòkè.

Ìwé àṣẹ ńkọ́? Ní 1886, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi tirẹ̀ lé Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò òyìnbó kan, lọ́wọ́. Oníṣòwò tó ń ra epo pupa kó ẹ̀ṣọ́ jọ, ó wọ̀ wọ́n láṣọ, ó fún wọn ní ìbọn, ó sì fi Lọ́kọ́já ṣe ibùdó wọn. Ní January 1897 ni wọ́n wọ Kàbà, àwọn ọmọ ogun Nupe sá; kí oṣù náà tó parí, Bídà, olú ìlú Nupe, ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. A dúpẹ́ pé Nupe lọ. Ṣùgbọ́n ṣé oníṣọ́ọ̀bù ló yẹ kó máa gba ìlú?

Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn ìwé àṣẹ yẹn, ní 1986, ìjọba ológun ṣòfin ilé-iṣẹ́ gáàdì aládàáni: ọmọ Nàìjíríà nìkan ni kó ni ín, kó gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, gáàdì rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ gbé ìbọn tàbí ọta sẹ́nu iṣẹ́. Lójú tèmi, Kàbà ló wà nídìí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Ẹni tó bá ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, tirẹ̀ nìyẹn. Ti sífú dìfẹ́ǹsì kò pẹ́ sọ: 1967, ọdún tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n dá a sílẹ̀ l'Ékòó, òfin 2003 fìdí rẹ̀ múlẹ̀, òun ló ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ gáàdì báyìí.

Láìpẹ́ yìí mo dúró lẹ́nu géètì báńkì kan ní Kàbà. Gáàdì ibẹ̀ fi kóńdó há abíyá, ó ń yẹ bọ́ọ̀tù ọkọ̀ wò. Ọlọ́pàá oníbọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítòsí.

“Òkun o, ẹ̀gbọ́n.” Mo fi ìkíni ilé wa kí i.

“Òkun!” Kò gbójú sókè.

Mo bi í pé bó bá mú olè ńkọ́. Ó fi àgbọ̀n júwe bẹ́ǹṣì: “Tàwọn yẹn ni.”