Nígbà tí fámásì àdúgbò bá kógbá sílé

Wọn kò yéé bi mí ní Òṣogbo yìí pé: "Apòògùn, kí ló dé tí fámásì òpópónà wa fi kógbá sílé?" Ẹni tó ń bèèrè yìí kan náà ni yóò wọn ìfúnpá lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ mi, tí yóò gba orúkọ oògùn, tí yóò ní òun ń bọ̀, tí yóò wá lọ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn nínú ọkọ̀ ní Ọláìyá.

Láti Júnì 2023 tí ìjọba ti ní kí ọjà máa pinnu iye náírà, oògùn ti gbówó lórí, nítorí òkè òkun la ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú èròjà rẹ̀ wá. Lọ́dún náà ni iléeṣẹ́ oògùn GSK kéde pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, Ventolin tí àwọn oníkọ́ fée ń fà sẹ́nu sì di ọ̀wọ́n. Owó tó ń kún pẹpẹ tẹ́lẹ̀ kò kún ìdajì rẹ̀ mọ́. Ẹ fi owó ilé kún un, ẹ fi àwìn kún un, ẹ fi epo jẹnẹrétọ̀ kún un, nítorí insulin, oògùn àwọn alátọ̀gbẹ, kò gbọdọ̀ kúrò nínú fíríìjì.

Ta ló wá kù ládùúgbò? Ẹni tó ń di àpòpọ̀ sínú ọ̀rá ni: hóró funfun, hóró pupa, gbogboǹṣe fún ara ríro. Ọdún 5 tàbí 6 la fi ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn ní yunifásítì. Alápòpọ̀ yìí kò lè ka orúkọ ohun tó ń tà. Prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń dín ara wíwú kù, ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Oògùn gidi ni, dókítà ní ìgbà tó ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lò ó mọ́ diclofenac, oògùn ara ríro, lójoojúmọ́, inú lè dégbò, ṣúgà á gòkè, ìfúnpá á le sí i, ojú á wú, ẹ ó sì ní ẹ ti ń sanra.

Fámásì ẹ̀gbẹ́ ilé ìyá aláró kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló kógbá sílé. Akẹgbẹ́ mi tó wà níbẹ̀ mọ gbogbo oògùn tí màmá ń lò. Lẹ́yìn tó lọ, màmá bẹ̀rẹ̀ àpòpọ̀ fún orúnkún. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ìgbẹ́ rẹ̀ ti dúdú bí ọ̀dà. Mi ò ta nǹkan kan fún wọn. Mo ní kí wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, inú ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ ní ayé ló ń ṣe é. Ayé kọ́! Ọ̀rá oògùn náà wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ẹni tó bá ti ń lo àpòpọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó má dá a dúró lójijì, nítorí ara lè dà á sílẹ̀. Kó kó gbogbo ọ̀rá náà dání lọ bá dókítà tàbí apòògùn, lónìí.