Ìdí tí ìbọn onídàábùú fi ń ba ibi kan náà

Ọdẹ tó ń lo ṣakabùlà ní Kétu mọ̀ pé àfi kí òun sún mọ́ ẹran. Á rọ ẹ̀tù sẹ́nu ìbọn, á fi ọ̀pá kì í, á kó ọta lé e, á tún kì í. Ẹ̀tù òní lè fi ìka kan pọ̀ ju tàná lọ, ọta kan lè tóbi ju èkejì, nítorí náà ìbọn náà kì í ta bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ ọdẹ lè dúró ṣinṣin, kí ojú rẹ̀ sì mú, ìyẹn ò yí ohun tó wà nínú ọ̀pá ìbọn padà.

Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn atabíkan, ìyẹn ìbọn onídàábùú tí ọta rẹ̀ máa ń ba ibi kan náà, ń lé kiri kò ju ìyẹn lọ: kí gbogbo nǹkan rí bákan náà nígbà gbogbo. (Àlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí o. Ní Bẹ̀nẹ̀, ìbọn kì í ṣe ọjà tí èèyàn ń rà láìgbàṣẹ ìjọba.)

Ìdábùú ni ká kọ́kọ́ wò, nítorí bíi ti ìdábùú ilẹ̀kùn gan-an ló rí. Ayìnbọn á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á gbé e sókè, á fà á sẹ́yìn. Kòròfo ọta tó ti yìn á fò jáde. Á tì í padà síwájú, ọta tuntun á wọ ìdí ọ̀pá, á wá tẹ ọwọ́ ìdábùú wálẹ̀. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni eyín irin tó wà lórí rẹ̀ á yí bọ́ sínú ihò wọn, ilẹ̀kùn tì pa nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ tì pa lóòótọ́: nínú ọta .308 (oríṣi ọta ìbọn kan), agbára èéfín ẹ̀tù lè dé 4,000 báà, bẹ́ẹ̀ táyà zémidjan kì í ju báà 2 tàbí 3 lọ. Àwọn ará Jámánì ló mú irú ìdábùú yìí dúró dáadáa pẹ̀lú ìbọn Mauser tọdún 1898, ọ̀pọ̀ èyí tó wà lónìí sì jẹ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ọ̀pá ìbọn náà kọlà. Ara inú ṣakabùlà ń dán ni, ṣùgbọ́n nínú ti ìbọn atabíkan, ìlà ń lọ́ yí ká bí okùn tí wọ́n ta, òun ló sì ń yí ọta. Nínú ọ̀pọ̀ Remington 700, ìbọn Amẹ́ríkà kan, tó ń lo .308, ìlà náà ń yí ẹ̀ẹ̀kan láàárín nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Ọta tó bá jáde pẹ̀lú eré 800 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò máa yí ju ìgbà 2,500 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Ọmọdé tó ti ta òkòtó rí mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe: níwọ̀n ìgbà tó bá ń yí, kì í ṣubú.

Ilé-iṣẹ́ ìbọn Tikka, tó wà ní Fínlándì, ṣèlérí pé ọta mẹ́ta yóò wà láàárín MOA kan (ìwọ̀n igun kékeré tí àwọn ayìnbọn fi ń wọn bí ọta ṣe fọ́n ká). Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.9 ní 100 mítà, ó fi díẹ̀ fẹ̀ ju owó ẹyọ 100 CFA lọ. Ní 500 mítà, àyíká náà ti di 14.5 sẹ̀ǹtímítà. Ọta mẹ́ta kéré láti fi dá ìbọn lẹ́jọ́, ká sòótọ́. Mẹ́wàá ló ń tú àṣírí.

Remington 700 jáde lọ́dún 1962. Ohun tó gbé e níyì ju bó ṣe ń ta lọ ni pé ẹ̀yà tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe fún un pọ̀ lọ jàra, débi pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ṣe ìbọn tiwọn ní ìwọ̀n rẹ̀ kí ẹ̀yà yẹn lè bá a mu. Savage 110 (1958) ní tirẹ̀ fi nọ́ọ̀tì de ọ̀pá mọ́ ara, ẹni tó ní irinṣẹ́ tó yẹ lè pààrọ̀ ọ̀pá láìgbé e lọ ṣọ́ọ̀bù. Ìdábùú Tikka máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ẹni fi epo pa á, ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń rà á nìyẹn. Ruger Precision tọdún 2015 pa igi tí ọ̀pá máa ń jókòó lé tì pátápátá, ó gbé gbogbo rẹ̀ karí alumíníọ̀mù.

Ọ̀rọ̀ igi yìí ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ tún ìbọn ṣe kọ́kọ́ gbọ́. Igi ń mu omi lójò, ọyẹ́ á tún fà á gbẹ; ará Kétu tó ní ilẹ̀kùn tó ń há lóṣù kẹfà mọ èyí. Bí igi bá wú tó fara kan ọ̀pá, á máa tì í sápá kan, ibi tí ọta ń bà á sì yẹ̀. Wọ́n máa ń fi owó ìwé dán an wò: wọ́n á ki í sáàárín igi àti ọ̀pá, wọ́n á fà á láti ẹnu wá sí ìdí. Ibi tó bá há, ibẹ̀ ni àléébù wà, wọ́n á gbẹ́ igi kúrò níbẹ̀. Wọ́n tún ń da gọ́ọ̀mù líle sábẹ́ irin kó lè jókòó gbọnin, kí wọ́n tó di bóòtù rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí ìka ń fà ló kàn. Bó bá le jù, ìka á gbé ìbọn yẹ̀ kó tó dún. Bó bá fẹ́lẹ́ jù, ó léwu. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò kọ́ ọ.

Awò, ìyẹn gíláàsì orí ìbọn tí wọ́n fi ń wo ibi jíjìn, ni ọ̀pọ̀ ń fowó ṣahun sí, àṣìṣe sì ni. Ọta .308 tí wọ́n tò sí 100 mítà máa ń já wálẹ̀ tó bíi mítà méjì kó tó dé 500. Kókó orí awò ni wọ́n ń yí láti bá a mu, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan ní 100 mítà fún ìró “ká” kọ̀ọ̀kan. Awò tí ìró rẹ̀ ò bá dọ́gba sọ ìbọn olówó ńlá di ṣakabùlà.

Ọ̀pá tuntun ló yẹ kó gbẹ̀yìn, nígbà tí iná ẹ̀tù bá ti jẹ ìbẹ̀rẹ̀ ìlà inú ti àkọ́kọ́. Kó tó dé ibẹ̀, ọta ni kí wọ́n pààrọ̀ wò. Ìbọn méjì láti ilé-iṣẹ́ kan náà lè wà, kí ọ̀kan máa kó ọta kan jọ sójú kan, kí èkejì máa fọ́n ọta yẹn gan-an káàkiri. Wọ́n á ra oríṣi mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n á yìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sára páálí, wọ́n á wá fi rúlà wọn ihò.