Ilà ojú kẹ́míkà

Ká ní oníbodè kan jókòó ní Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú Kétu ní Benin, láyé ìgbà tí odi ìlú ṣì dúró. Àlejò dé. Oníbodè ò bi í ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ta ló máa jẹ́wọ́? Ojú rẹ̀ ló wò. Irú ilà wo lèyí? Àwọn tó kọ ọ́ tó ti wọlé rí, kí ni wọ́n ṣe?

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń sọ pé kẹ́míkà kan lè fa jẹjẹrẹ nìyẹn. Kò rí jẹjẹrẹ rí. Ìrísí kẹ́míkà la fi lẹ́tà kọ fún un: bẹnsíìnì ń jẹ́ c1ccccc1, kábọ́ọ̀nù 6 tó di ara wọn mú bí òrùka. Ó ń fi í wé àwọn tí wọ́n ti dán wò lára bakitéríà tàbí lára eku (ti eku máa ń gbà tó ọdún 2). Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ilà yẹn gan-an, ìyẹn apá ara kẹ́míkà tó ń tọ́ka sí ewu, ló dùn. Òrùka onígun 3 tó ní ọ́síjìn, bí àpẹẹrẹ: ó fún pinpin, ara ń ni í, bó bá ti já báyìí, DNA, ìlànà àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara, ló máa dì mọ́. Ní 1988, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Ashby àti Tennant, fi irú ilà bẹ́ẹ̀ yẹ kẹ́míkà 222 wò, àwọn tí wọ́n ti dán wò lára eku ní Amẹ́ríkà.

Ohun tó ń bíni nínú ni àwọn tó ń sọ pé èyí tí kò nílà kò léwu. Ẹ wo epo kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́ tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì ní Benin. Òórùn tó ń sán síni nímú bí wọ́n bá ń rọ ọ́ sí táǹkì zém (ọ̀kadà), bẹnsíìnì wà nínú rẹ̀. Ojú bẹnsíìnì dán borogidi. Bakitéríà tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò kì í mú un. Ó wọlé tán kó tó lọ kọ ilà: ẹ̀dọ̀ ló máa sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, tí yóò fi ba mùdùnmúdùn egungun jẹ́, tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ á sì dé.

Ìdí nìyẹn tí àwọn kọ̀ǹpútà kan fi ń kọ́kọ́ ro ohun tí ẹ̀dọ̀ máa bí, kí wọ́n tó wo ojú ọmọ náà. Èyí tó gbọ́n jù, lójú tèmi, ni èyí tó bá rí ilà àjèjì tó sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Oníbodè tó ń méfò léwu ju ẹnubodè tí kò ní oníbodè lọ.

Fún ìdọ̀tí tó lè wà nínú oògùn, ICH M7, ìlànà àgbáyé lórí oògùn ti 2014, ní kí oníbodè jẹ́ méjì: ọ̀kan ń tẹ̀lé òfin tí àwọn ọ̀mọ̀ràn là sílẹ̀, èkejì ń fi ìṣirò wò ó mọ́ àwọn tí wọ́n ti dán wò. Bọ́rọ̀ wọn ò bá bára mu, èèyàn á dá sí i. Síbẹ̀, ohun tí bakitéríà máa ṣe nìkan ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ti bẹnsíìnì, orúkọ ni wọ́n fi mú un, òfin tirẹ̀ wà lọ́tọ̀: nínú oògùn, kò gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú mílíọ̀nù kan lọ.